Owó Iṣẹ́ Tí A Kò Tíì Ṣe

Kòṣòro ni wọ́n ń pe télọ̀ náà, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Kò ṣòro." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọdún ń parí lọ, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó rọra fìdí lé àga nítorí oyún rẹ̀ ti wúwo. Aṣọ yúnífọ́ọ̀mù kún ilẹ̀ bámúbámú. Àwọn òbí ti san owó ìránṣọ ṣáájú, nítorí iléèwé máa wọlé lọ́dún tuntun.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká jókòó ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀."

"Ètò kí ni? Owó ló kún ọwọ́ wa yìí!"

"Owó yẹn ò tíì di tiwa, àfi tẹ́ ẹ bá rán aṣọ tán. Inú ẹ̀ náà lẹ ti máa ra òwú àti bọ́tìnnì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù la lè ná. Tí yúnífọ́ọ̀mù bá sì ti tán nílẹ̀, ṣebí ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń dá páropáro? Owó tó ń wọlé lóṣù tí iṣẹ́ ò yá ló yẹ ká fi díwọ̀n ìnáwó wa. Ká kọ́kọ́ yọ owó ilé, oúnjẹ àti ìbímọ sọ́tọ̀. Dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí mi, bíi ti àkọ́bí wa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wá máa sọ pé a ò mọ̀."

Kòṣòro bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, o ti tún sọ mí dọmọ kíláàsì ẹ! Ọmọ á mú owó ẹ̀ wáyé. Kò ṣòro."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí lóòótọ́, àmọ́ n kò tíì rí ilé ìwòsàn tó ń gbà á níbi ìsanwó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkùnrin yìí ti ra tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, ó ti pààrọ̀ gbogbo àga pálọ̀. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí, ó bínú sí i títí, Kòṣòro ò gbọ́.

Ọdún yí tán, òwú tán, kò sówó láti ra òmíì. Àwọn òbí wá ń dà wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Kòṣòro bá dá ọgbọ́n kan tó burú jáì: owó oníbàárà tuntun ló fi ń ra òwú aṣọ oníbàárà àná. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni gbèsè iṣẹ́ tó jẹ àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i, kọ́bọ̀ ò sì ṣẹ́ kù.

Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n wà tí ìrọbí fi mú ìyàwó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ni wọ́n bá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Bàbá, a ti gbé ìyàwó yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ò lè fẹ̀mí ṣeré. Àmọ́ ẹ tètè wá owó oògùn àti ẹ̀jẹ̀ wá."

Kòṣòro gbé tẹlifíṣọ̀n lọ tà, àmọ́ iye tí wọ́n dá lé e kò tó nǹkan kan. Ó bá sáré tọ Màdáámù tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ńlá nígboro lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ẹ ra maṣíìnì mi."

"Háà! Kí lo wá fẹ́ fi rán aṣọ tó kún ọ̀dọ̀ ẹ?"

Kòṣòro gba owó, ó sáré padà sílé ìwòsàn.

Ìyá yè, ọmọ yè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù Màdáámù ni Kòṣòro ń lọ láràárọ̀. Ó ń rán aṣọ Màdáámù lọ́sàn-án, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù tirẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ń sanwó fún lílo maṣíìnì tó jẹ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ wá wò ó níbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé, ọkọ mi?"

Kòṣòro wo òkìtì aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, omi lé rokoso lójú rẹ̀. "Mo ti jẹ ẹ́ tán, Tíṣà. Gbogbo èyí tí mò ń rán yìí, mo ti jẹ owó ẹ̀ tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ilé ní oṣù tirẹ̀, owó iléèwé ní ọjọ́ tirẹ̀, oyún náà ní àkókò tirẹ̀. Ohun tá a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjálù. Ẹ má ná owó iṣẹ́ tí ẹ kò tíì ṣe. Kí ọdún yìí tó lọ, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ ń gbélé jókòó, ẹ ṣètò ọdún tó ń bọ̀, tó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín.