Ìlú Tó Ń Jóná Lẹ́ẹ̀mejì

Níbi tí ìyá kan ti ń ta èso ọ̀pọ̀tọ́, lẹ́yìn ojúde òrìṣà Àpólò ní erékùṣù Kíósì, ni Melína ti kọ́kọ́ bá Nikándà pàdé. Orin ló lé àwọn méjèèjì jáde. Bàbá Nikándà ń fi orin dáná sun ìlú ọ̀tá lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bàbá Melína ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ìlú kan náà tán ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé akọrin méjì ló wà níbẹ̀. Ilé Kléónù, bàbá Melína, ló ni orin ogun. Ilé Básíà, bàbá Nikándà, ló ni orin bí àwọn jagunjagun ṣe wọkọ̀ padà sílé. Òfin àjọ̀dún wa ni pé ibi tí akọrin kan bá dúró sí ni ẹni tó gba ọ̀pá orin lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ni iná tó jó ìlú náà? Ibẹ̀ lorin ti dùn jù, ilé méjèèjì sì ya olórí kunkun. Lọ́dọọdún ni ìlú kan ṣoṣo ń jóná lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn a dìde lọ jẹun.

"Ẹ tún ti ń sun ìlú wa," Melína sọ fún un.

"Tiwa ni kẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kánjú sun ún."

Melína rẹ́rìn-ín, ó bu ọ̀pọ̀tọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ ọmọkùnrin yìí kó sí i lórí. Etí omi ni wọ́n ti ń pàdé, tí Nikándà á máa pè é ní adùn ọkàn òun.

Nígbà tí Nikándà rán alárinà wá tọrọ rẹ̀, Kléónù fárígá. Ó ní òun ò ní fọ́mọ fún olè orin. Básíà náà búra pé ọmọ Kléónù ò ní ṣe búrẹ́dì nínú ilé òun láé. Èyí tó burú jù ni pé Kléónù ti ṣèlérí Melína fún bàbá arúgbó kan tó ń ta epo ólífì. Bí àjọ̀dún bá ti parí, ó di ilé ọkọ.

Melína sunkún títí, ó wá lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Bàámi, mi ò fẹ́ ẹrù ìyàwó kankan. Ẹ fi iná yẹn sílẹ̀ fún ilé Básíà. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín."

Bàbá dìde. Ó gbé wàrà rẹ̀, ó jáde. Melína gbà pé bàbá ti kọ̀, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún Nikándà.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Kléónù kọrin dé ẹnubodè ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun ti gbé ògùṣọ̀ dání. Ó dákẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì na ọ̀pá sí Nikándà, tó ń kọrin lórúkọ ilé wọn lọ́dún náà. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Melína ṣubú.

Àṣé òun nìkan kọ́ ló ń ronú. Nikándà náà ti pinnu láti yọ̀ǹda iná yẹn nítorí rẹ̀. Ìbẹ̀rù ohun tí Básíà máa ṣe ti dí i létí, kò gbọ́ ibi tí orin dúró sí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń lọ sílé.

Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn. Bàbá àgbà kan ní ẹ̀yìn bá sọ pé, "Ìlú ọ̀hún ò tíì jó o."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nikándà wo Melína, ọ̀rọ̀ sì yé àwọn méjèèjì.

Básíà àti Kléónù dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó lè fara da kí ìlú yẹn wà láìjó. Básíà gbá ọ̀pá mú, Kléónù di ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà mú. A rò pé wọ́n fẹ́ jà ni. Kléónù bá dá orin, Básíà gbè é, bí wọ́n ṣe ń gbà á lẹ́nu ara wọn nìyẹn títí ìlú fi di eérú. Ẹnì kankan ò lọ jẹun.

Básíà nu òógùn ojú. "Ta ló wá ni iná náà báyìí?"

"Ọmọ tí àwọn méjèèjì yìí bá bí," Kléónù dá a lóhùn.

Bàbá elépo gbọ́, ó rọra wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Melína fi aṣọ bojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nikándà sì tún gba ọ̀pá, nítorí àwọn jagunjagun ṣì wà lórí omi, wọ́n fẹ́ délé.