Ohùn Tó Ń Pè ní Òtẹ́ẹ̀lì Sùnre

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní agbóhùnró kò bàjẹ́ rárá ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bóyá ohun tó burú jù nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ènìyàn bá ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Sùnre, ẹ̀rọ náà a wá inú àwọn ohùn tó ti kó jọ láti ọdún pípẹ́, a mú ohùn òkú kan tó jẹ́ ẹbí onítọ̀hún, a sì fi pè é lórúkọ. Kì í pariwo. Ohùn náà a rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun.

Òtẹ́ẹ̀lì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó tí àwọn ọkọ̀ òṣùpá ti ń gbéra, ní pápá gbalasa kan lẹ́yìn Ṣakí. Owó yàrá níbẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ló ń bọ́ àwọn yàrá tó wà lókè, àti nítorí pé ibùsùn kọ̀ọ̀kan ní etí. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ti gbà pé kí ibùsùn gbọ́ gbogbo ohun tí òun bá sọ, kí agbóhùnró sì tọ́jú ohùn òun títí lẹ́yìn ikú. Àwọn arìnrìn-àjò a máa tẹ ìka sí àdéhùn yìí láìkà á. Ta ni yóò máa ka àdéhùn nígbà tí oorun ń kùn ún?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọlábínjó mú ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀. Ọkàn ìyá náà ti rẹ̀. Àwọn dókítà ní ayé ti wúwo jù fún un. Ní Ìlú Fúyẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn wa tẹ̀ dó sórí òṣùpá, ara kì í wúwo ju ìdá kan nínú mẹ́fà bó ṣe wúwo níhìn-ín lọ, ọkàn tó ti rẹ̀ a sì máa rí ìsinmi. Àwọn aláìsàn tó ti lọ ṣáájú ṣì ń bẹ láàyè. Ṣùgbọ́n ipá tí ọkọ̀ fi ń gbéra lè pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àfi bó bá dùbúlẹ̀ sínú àga olómi, àga tí omi inú rẹ̀ ń gba ipá náà mọ́ra dípò ọkàn rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́rin ni Ọlábínjó fi dúró de àga yẹn. Ẹ̀rí pé ó ti di tiwọn wà nínú ẹ̀gbà oníná tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì gbéra bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ní yàrá ìjẹun, wọ́n bá obìnrin kan nídìí tábìlì, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀mọ̀wé Tẹniọlá Láṣebìkan ni. Òun ló ṣe agbóhùnró. Ọdọọdún ló sì máa ń wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò fi pamọ́.

"Ìwọ lo ṣe é?" Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ojú rẹ mà tutù o. Mo ti rò pé ẹni tó bá ń mú òkú sọ̀rọ̀ á ní ìwo lórí."

"Ẹ má bínú, mà. Mo gbàgbé ìwo mi sílé."

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ yẹn ti jẹun?"

"Kì í jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ohunkóhun tó bá ń pe ènìyàn láìfi ara hàn, ó ń jẹ nǹkan."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀kọ wọn," ni Ọlábínjó wí.

"Ṣé mo di ẹnu rẹ̀ mú ni?" Ó yí padà sí obìnrin náà. "Ọmọ mi, kí lo tiẹ̀ ṣe é fún?"

Ọ̀mọ̀wé gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lókè òkun, mà. Mo ṣe é kí ẹni tí kò bá èèyàn rẹ̀ láàyè mọ́ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ìwòsàn ni mo ní lọ́kàn. Àwọn onítẹ́tẹ́ ló rà á. Síbẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ẹ̀rọ ni."

"Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára iná pé iná ni, ṣé kò ní jóni mọ́?"

"Ẹni tó bá ti mọ̀ pé iná ni kò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́, mà."

"Ẹni tí òtútù ń pa ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé tún gbé ife rẹ̀, ó mu ẹ̀kọ tó kù nínú rẹ̀.

Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, gbọ́ mi. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Bàbá rẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì yìí kó tó lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà lórí òṣùpá, tí kò sì padà bọ̀. Bí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀, máa bá tìrẹ lọ."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ máa ń wí bí mo bá ní kó ra iyọ̀ bọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ sí yàrá, wọ́n ní láti kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Nínú ilé tẹ́tẹ́ Sùnre, kì í ṣe owó ni wọ́n fi ń ta. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀gbà ọwọ́ ẹni ni: ilẹ̀, ẹ̀tọ́, àyè ọkọ̀. Bí onítọ̀hún bá pàdánù rẹ̀, ilé á tà á fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí kò lè dúró de nǹkan. Ọ̀fẹ́ ni òkú fi ń pe ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó máa bá òun sọ̀rọ̀ lọ gbọ́dọ̀ jókòó, kó sì máa ta.

"Ọláá," ni ohùn kan wí láti inú ògiri. "Ọlá mi. Wá, jàre."

Ẹsẹ̀ Ọlábínjó dúró. Kò rántí pé òun ló dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ja á ní èékánná lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, ó sì tì í gòkè. Nínú yàrá, ó ya òwú, ó fi dí ọmọ rẹ̀ létí méjèèjì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí àrá bá ń sán. Ọlábínjó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti borí.

Nígbà tó jí, ojú ọ̀run ti ń pọ́n. Ibùsùn ìyá rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì ti ká aṣọ ìbora rẹ̀ dáadáa.

Ó bá a nísàlẹ̀, níwájú kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ kan tí kò yí mọ́. Ọ̀mọ̀wé Tẹniọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Iná ẹ̀gbà ọwọ́ Màmá ti kú. Ojú rẹ̀ sì balẹ̀. Láti ìgbà tí ìròyìn ikú bàbá ti dé, Ọlábínjó kò rí i kí ojú rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Màmá, àga ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ yìí ti gbà á."

"Ṣé ẹ dáhùn ni? Ẹ̀yin tí ẹ ní n kò gbọdọ̀ dáhùn!"

"Má wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí ni mo ti mọ̀. Bàbá rẹ máa ń fi imú fa ìparí orúkọ mi díẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó fọwọ́ nu etí tábìlì, bí ẹni pé tilé rẹ̀ ni. "Ó pè mí ní Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró ni oríkì tí wọ́n fi kẹ́ ẹ láti kékeré. Ọmọ kì í fi pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì náà, ó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí tí oorun fi gbé e lọ, ibùsùn sì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ń tọ́jú mi," ni Màmá wí. "N kò ní purọ́ mọ́ yín. Màmá ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Lọ́dọ̀ dókítà, aláìsàn ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kú tán. Ta ló kù lókè eèpẹ̀ tó lè pè mí bẹ́ẹ̀? Mo ní kí n kàn jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pè mí, mo tún jẹ́ ẹ. Mo ní, 'Ẹ̀ẹ́n, olówó orí mi.'"

Ọlábínjó yíjú sí Ọ̀mọ̀wé. "Ẹ bá wa gba àga náà padà."

"Wọ́n ti tà á. Ẹni tó rà á ti dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo ṣe, Ọ̀gbẹ́ni. N kò ṣe òfin ilé yìí."

"Kí lẹ wá lè ṣe?"

Ọ̀mọ̀wé ṣí àtẹ́lẹwọ́, àwòrán bọ́tìnnì kan sì tàn lórí rẹ̀. "Mo lè pa ohùn bàbá yín rẹ́ pátápátá. Àrólé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀."

"Èmi ni àrólé. Ẹ pa á rẹ́."

Nígbà náà ni Màmá dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tí kò ju ọmọ tó lè bí lọ.

"Háà! Ẹ dìde, mà! Èèwọ̀ ni!" Ọ̀mọ̀wé fà sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. N kò tún ní ohun tí màá fi ta. Ẹnu ọ̀nà ni n ó máa dúró sí. Jọ̀wọ́, ọmọ mi."

Ọ̀mọ̀wé Tẹniọlá wo àwòrán bọ́tìnnì tó ń tàn lórí ọwọ́ rẹ̀. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́, òun yóò sọ obìnrin yìí di opó lẹ́ẹ̀kejì. Bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́, òun yóò máa fi ọkọ rẹ̀ pa á díẹ̀díẹ̀. Kò mọ èyí tó jẹ́ àánú nínú méjèèjì. Ó sì dà bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí, pàápàá ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó láti ṣe ẹ̀rọ náà. Òfin wà lẹ́yìn ọmọ. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn òfin, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ariwo kankan. Ògiri kàn dákẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilẹ̀ mì, àwọn ife orí tábìlì ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ ńlá kan gba ojú fèrèsé kọjá lọ sókè. Ọkọ̀ ti gbéra. Màmá ṣì wà lórí eékún, ọwọ́ rẹ̀ kan wà láyà, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan lábẹ́ gbogbo ìwúwo ayé.

Ọlábínjó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tì í. Kò mọ ohun mìíràn tó lè fún un. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ohùn bàbá rẹ̀, ó sì wí pé, "Àwẹ̀ró."

Ìyá náà yíjú kíákíá sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀, ó rí ẹni tó pè é. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ nínú agbádá bàbá rẹ̀ tó ti kú, tí kò lè nà án, tí kò sì lè rẹ́rìn-ín.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Màmá ni kí o máa pè mí."