Ọwọ́ Ọ̀tún, Ọwọ́ Òsì

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Tí mo bá béèrè ìbéèrè, gbogbo yín lẹ máa nawọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, Àǹtí!"

"Ẹ rọra dáhùn, ẹ̀yin ọmọ yìí!"

Àǹtí Kékeré, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó jalè. Ọmọ ogún ọdún ni, oṣù kẹta rẹ̀ sì rèé ní ilé-ìwé abúlé náà, níbi tí olùkọ́ mẹ́ta péré wà. Ọ̀gá wọn ló ní kí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì ara wọn ní gbogbo Ọjọ́rú, kí wọ́n lè jọ mọ iṣẹ́ sí i. Lónìí, ó kan Àǹtí Kékeré.

Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Pípín ìdá ló fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kò sì yé òun alára. "Dojú ìdá kejì délẹ̀, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po" ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì há a sórí bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé béèrè pé, "Àǹtí, kí ló dé tá a fi ń dojú ẹ̀ délẹ̀?" Ló bá jágbe mọ́ ọn. Iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ló wu Àǹtí Kékeré láti kékeré. Tí wọ́n bá mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á lé e lọ nìyẹn.

Bàtà Ọ̀gá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà wọlé, Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì, olùkọ́ àgbà tí eruku ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n lára aṣọ rẹ̀, tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sẹ́yìn.

Àǹtí Kékeré kọ ọ́ sójú pátákó: ìdajì, tí a fi ìdámẹ́rin pín. "Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè fìrì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Àǹtí Kékeré wá ọwọ́ ọ̀tún kan láàárín wọn, àmọ́ ẹ̀rù ti kó làákàyè rẹ̀ lọ: kò rántí pé òun kọjú sí àwọn ọmọ ni. Ọwọ́ tó wà lápá ọ̀tún tirẹ̀ ló nàka sí, òsì sì ni lára ọmọ.

Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dìde. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni mo nà, Àǹtí. Ẹ ní kí ẹni tí kò bá mọ̀ na òsì."

Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó sunkún jáde. Ká ní ilẹ̀ lanu, Àǹtí Kékeré ì bá wọlé láìbéèrè ẹni tó ni ín.

Ní yàrá àwọn olùkọ́, Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. "Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?"

"Ẹ̀rù ni, Mà." Ó bú sẹ́kún. "N ò mọ ìdí tá a fi ń dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì họ orí. "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní pípín ìdá. Èmi náà ò mọ ìdí ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí, ọmọ kankan ò bi mí rí."

Ọ̀gá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì kan, ó dá a sí mẹ́rin. "Ìdámẹ́rin mélòó ló wà nínú odindi?"

"Mẹ́rin, Mà."

"Ìdajì odindi ńkọ́?"

"Méjì… ìdajì mẹ́rin!" Àǹtí Kékeré fò dìde. "Ìdí tí ìdámẹ́rin fi ń di mẹ́rin nìyẹn!"

"Torí ẹ̀ la ṣe ń jókòó ti ara wa, kì í ṣe ká lè lé èèyàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ bẹ ọmọ yẹn nílé wọn."

Ó lọ nírọ̀lẹ́. Ìyá ọmọ náà ò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ìdúró ló wà tó fi tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá, àmọ́ kò gbójú sókè. Àwọn olùkọ́ méjèèjì tún wà lẹ́yìn, bí kò tiẹ̀ ṣe Ọjọ́rú. Àǹtí Kékeré kọjú sí kíláàsì.

"Ẹni tí kò bá mọ ìdí tá a fi ń dojú ìdá délẹ̀ títí di àná, kó na ọwọ́ tó bá wù ú."

Kò sẹ́ni tó nà. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì na tiẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọwọ́ kékeré kan gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi í pamọ́ ló ń ṣe ni léṣe. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ì báà jẹ́ olùkọ́.