Sípíkà Àárín

"Ṣé àwọn èèyàn inú fíìmù yìí ò lẹ́nu mọ́ ni?"

Alfa Zakariyah ló béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, wọ́n dẹ etí sí tẹlifíṣọ̀n. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù. Ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ra họ́ọ̀mù tíátà sílé fún wọn, sípíkà márùn-ún ló sì yí pálọ̀ ká. Lọ́jọ́ náà, ìlù ń dún, ilẹ̀kùn ń pa dé gbàgà, bàtà ń ró kò kò kò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò jáde.

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, Bàbá," ni Fatihah, ọmọ ọmọ wọn, dáhùn. "Sípíkà àárín ló jóná nígbà tí iná dé lójijì lánàá. Àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà jáde. Ìlù àti ariwo ló ń gba ẹ̀gbẹ́."

"Kí ni mo wá ń ṣe níbí? Ṣé ilẹ̀kùn ni kí n máa gbọ́?" Alfa nawọ́ sí ọ̀pá wọn, wọ́n wọ yàrá lọ.

Mo wà níbẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi àti ilé Alfa ní Ìwàdé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì máa ń yà kí wọn lẹ́yìn ìrun alásárì. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọmọ mi nílùú òyìnbó, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ bí ọ̀pá yẹn ṣe ń kan sìmẹ́ńtì títí tí ilẹ̀kùn yàrá fi pa dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Alfa kò jáde sí pálọ̀. Wọ́n á kírun, wọ́n á jẹun díẹ̀, wọ́n á tún dùbúlẹ̀. Kúbúrátù, ìyá Fatihah, ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ń dín kù lójoojúmọ́. Fatihah kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe nílé ìwé. Ó tú rédíò àtijọ́ méjì tó ti kú, ó yọ sípíkà inú wọn, ó kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé tó ya àwòrán sí.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ wò ó. Àpótí gbọọrọ ni, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni yóò sùn sí. Sípíkà ńlá kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kékeré láàárín wọn."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Tíṣà wa ló ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń rìn. Èyí tó kù, orí fóònù ni mo ti wò ó."

"Fóònù tẹ́ ẹ fi ń bayé jẹ́ yẹn náà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni o, sà."

Pákó fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù la fi kan àpótí náà. Fatihah fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé, kí atẹ́gùn má baà yọ́ jáde. Ó já ìrọ̀rí àtijọ́ kan, ó ki òwú àràbà inú rẹ̀ sínú àpótí kí ohùn má baà máa dún gbì-gbì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò, ńṣe ni ohùn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Pákó iwájú ló fẹ́lẹ́ jù," mo wí fún un. "Pákó tó nípọn ló yẹ kó di sípíkà mú. Tútù kò dáa o, yóò sán. Wá èyí tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé pákó igi àpá kan wá. Ó ti gé orí rẹ̀ kúrò. Ojú rẹ̀ dúdú, bí ohun tí ó ti ń mu tàdáwà láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ì báà jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi, kò lè ṣàì mọ wàláà, pákó táwọn ọmọ ilé kéú ń kọ Kùránì sí. Mo wo pákó, mo wo ọmọ. Ó yẹ kí n béèrè. Ṣùgbọ́n pákó náà gbẹ, ó dún kọ́ kọ́ nígbà tí mo fi ìka kàn án, ọwọ́ sì ti ń yún mi. Mo gé ihò mẹ́ta sí i, a kàn án mọ́ iwájú àpótí. Ohùn jáde gaara.

Ọjọ́ Àìkú ni Fatihah fẹ́ ṣí i fún Alfa. Àfi bó ṣe di àárọ̀ Sátidé tí Alfa pè é.

"Bá mi mú wàláà mi nínú yàrá ẹ̀yìn. Haneef yóò bẹ̀rẹ̀ ilé kéú lọ́jọ́ Àlàrùbá. Òun ni mo fi kọ́ alífù ní Ìbẹ̀fun, òun ni bàbá yín náà fi kọ́ ọ."

Haneef ni àbúrò Fatihah, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìwé ni Fatihah fi kọ́ kéú tirẹ̀, ó sì ti rò pé kò sẹ́ni tó tún ń bá wàláà yẹn ṣe nǹkan kan. Ó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé òtítọ́ ti dé ètè òun. Ó wá wo ojú Bàbá tí kò ríran, ó ní ta ni yóò mọ̀?

"Bàbá, ikán ti jẹ ẹ́."

"Ikán kẹ̀?"

"Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. A ti kó o dànù."

"Alihamudulilai," ni Alfa wí. "Ohun tó láyé ló ń lópin."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Fatihah fa Alfa lọ́wọ́ wá sí pálọ̀ níbi tí mo jókòó sí, ó tan fíìmù. Ohùn obìnrin kan bú jáde láàárín: "Ìwọ ọkùnrin yìí, kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi!"

Alfa bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti lẹ́nu! Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni mo ṣe é, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi kàn án."

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ pa orí àpótí, wọ́n pa ẹ̀gbẹ́, wọ́n bọ́ sí iwájú. Àtàǹpàkò wọn dé igun kan nísàlẹ̀, ó sì dúró. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀, ó rí bí oṣù tuntun. Mo ti rí i nígbà tí mò ń gé pákó.

"Pákó yìí dáa," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Bàbá Káfíńtà ló fún mi," ni Fatihah wí, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Frederick?"

"Alfa, èmi ni mo gé e. Èmi kọ́ ni mo fún un. Mo rí ohun tó jẹ́, mi ò béèrè ibi tó ti wá."

Fatihah wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì. "Bàbá, ẹ má bínú. Wàláà yín ni. Ikán kọ́, èmi ni."

Alfa kò gbé ọwọ́ kúrò lórí pákó. "Alfa tó kọ́ mi ní Ìbẹ̀fun ló fi irin gbígbóná ṣe àmì yìí, kí tèmi má baà pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí àtàǹpàkò mi ti mọ̀ ọ́n. Fatihah, ká ní o béèrè ni, ǹ bá fún ẹ. Ohun tó wà lórí pákó yẹn ti wọ orí mi tipẹ́. Ikán ló dùn mí. O wo ojú mi, o rí i pé kò ríran, o wá rò pé ibẹ̀ ni irọ́ lè gbà kọjá."

Wọ́n mú ọ̀pá wọn. Obìnrin inú fíìmù ń pariwo lọ, ohùn rẹ̀ gaara, ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é ti wọ yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, páálí ni Haneef gbé lọ sílé kéú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é ní Alfa Páálí. Ó sunkún délé.

Lọ́jọ́ kejì, Fatihah wá bá mi. Kò sẹ́ni tó rán an. Mo fún un ní pákó, mo fún un ní ayùn, mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe é lẹ́yìn ilé ìwé. Ó gé e, ó fi sáńpépà họ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Alfa.

"Bàbá, mo ṣe wàláà kan. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wọ́. Mo gbìyànjú títí, kò tọ́."

Alfa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. "Ó wọ́ lóòótọ́," ni wọ́n wí, ẹ̀rín sì sá sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní ká fi irin sínú iná. Èmi ni mo di pákó mú, Fatihah tọ́ ọwọ́ wọn sọ́nà, wọ́n sì fi oṣù tuntun sí igun rẹ̀ fún Haneef.

Lẹ́yìn náà, wọ́n nawọ́ sí ọ̀pá. Kò, kò, kò, títí dé pálọ̀.

"Ẹ tan àwọn ẹlẹ́nu yẹn. Obìnrin ọjọ́sí, ṣé ó ti lé ọkọ rẹ̀ jáde ni?"

Alfa ti lọ bá Ọlọ́run wọn báyìí. Haneef fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, mo rí àpótí náà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí a gbé e sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Fatihah kò tilẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ tí àtàǹpàkò arúgbó fi bá a. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mú. Bẹ́ ẹ bá sì ti mú un, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án. Àwa àgbà tí a rí i tí a kò béèrè, ẹ̀kọ́ náà kàn wá pẹ̀lú.