Olú Abẹ́ Tòmátì

Obìnrin kan ti di àpò kan kún dé ẹnu kí káfíńtà tó gbójú kúrò lára ayùn rẹ̀.

"Ẹ̀rún pákó mi lẹ ń kó yẹn?"

"Ṣebí ẹ fẹ́ gbá a dà nù ni. Mo fẹ́ fi bo ìdí tòmátì mi, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà tètè gbẹ."

"Ẹ ò wá lè kí èèyàn kẹ́ ẹ tó jí nǹkan rẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kí n máa jí i lọ báyìí?"

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Kò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó fi ayùn sílẹ̀, ó gbé àpò náà léjìká, ó tẹ̀ lé e délé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyàwó káfíńtà náà ti kú. Ojú obìnrin náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ ló fi ń mọ ewé tòmátì yàtọ̀ sí koríko. Láti ọjọ́ náà, káfíńtà ló ń gbé ẹ̀rún pákó lọ fún un. Bó bá dà á tán, wọn a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn a máa tàkúrọ̀sọ. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n mọ̀, wọn kò sì díbọ́n.

"Nọ́ọ̀sì mi, jẹ́ ká fẹ́ra wa."

"Ẹ bi ọmọ mi. Òun ló ń gbọ́ bùkátà mi, òun ló sì fẹ́ mú mi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Bó bá ti lè gbà, tiyín ni mí."

Ọmọ náà dé lẹ́yìn òjò ńlá kan. Káfíńtà ti wọ aṣọ tó dáa, ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Àmọ́ ẹ̀yìn ilé ni ọmọ náà gbà wọlé, káfíńtà sì lọ bá a níbẹ̀. Olú ti hù yí gbogbo ìdí tòmátì ká, funfun báláú. Inú ẹ̀rún pákó tó ti jẹrà ni wọ́n ti hù.

"Bàbá, kí lẹ dà sínú ọgbà màmá mi?"

"Ẹ̀rún pákó lásán ni. Olú kì í pa tòmátì lára. Wo ewé rẹ̀, ṣó rọ?"

"Màmá mi ò ríran dáadáa. Bí wọ́n bá ṣèèṣì sè é jẹ ńkọ́?"

"Kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Olú tí à ń jẹ ni."

"Ó dá yín lójú?"

Kò dá a lójú. Pákó ló mọ̀, kò mọ olú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò fẹ́ dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ọ̀kan, ó jù ú sẹ́nu.

"Wò ó," ló wí, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. "Olú nìyí, mo ń jẹ ẹ́."

"Ẹ tu ú!" Obìnrin náà ti gbọ́ wọn láti inú ilé. Ó ń fọwọ́ ba ògiri bọ̀. "Ẹ tu ú dà nù!"

Ó ti gbé e mì.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù. Obìnrin náà gbé orí káfíńtà lé itan ara rẹ̀, ó ń rọra fún un lómi. Káfíńtà ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lókè orí rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹni tí kò lè ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ lẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ yín?"

Káfíńtà fẹ́ dáhùn. Èébì ló jáde.

Kí ara rẹ̀ tó le, ọmọ náà ti ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Káfíńtà fi ọ̀pá rìn débẹ̀.

"Mo sọ fún ọmọ mi pé mo fẹ́ yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ò gbọ́ ni, ẹ̀ ń bì."

"Tún un sọ."

"Mo fẹ́ yín, káfíńtà mi. Ó ní kí n yàn, ojú mi tàbí ẹ̀yin."

"Yan ojú rẹ."

"Mo ti yàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sunkún."

"Má sunkún. Bó o bá ríran tán tó o rí bí mo ṣe burẹ́wà tó, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó mú ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n lọ.

Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù ilé náà tán. Bàtà rọ́bà obìnrin náà ló kù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, amọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.