Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Cecilia

Zipporah ti dé ìlà kẹtàdínlógún kí Alájì Ràsákì tó wọlé. Kò gbójú sókè. Ó fi ìka tọ ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sínú ìwé kékeré, ó sún sí ìlà tó kàn.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ okun," ó kí i bí wọ́n ti ń kíra ní ilẹ̀ Okun.

"Okun, Alájì. Ẹ jókòó."

Ràsákì kò jókòó. Àga tí Zipporah wà lórí rẹ̀ ló ń wò. "Orí ibẹ̀ lẹ wá jókòó sí?"

"Àga ni, Alájì."

"Wàláhì, ẹ láyà."

Orí àga yẹn ni Cecilia kú sí, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, oṣù kan ò tíì pé. Òun ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ kékeré tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú ojú ní Ìyàrà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn arúgbó tí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú wọn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n fáìlì búlúù tí kì í kúrò níwájú rẹ̀ pòórá lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ ọdún kan ló wà nínú fáìlì yẹn. Ọdún kan gbáko ni Cecilia fi tú àkójọ àwọn àjọ aṣèrànwọ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjọ láti gbogbo ayé, títí ó fi rí ọ̀kan tó máa ń ran irú ilé ìtọ́jú wọn lọ́wọ́. Ó kọ lẹ́tà rẹ̀ tán. Kò sọ orúkọ àjọ náà fún ẹnikẹ́ni, kò sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Àlàfo ló fi sí ibi tó yẹ kó wà, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn, ó sì ṣáájú wọn kọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún Ràsákì tó jẹ́ alága: lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́rin Alàmísì òní tó lù.

Bí kò bá wọlé, ilé ìtọ́jú Ìyàrà yóò tilẹ̀kùn ní ìparí oṣù. Arúgbó mọ́kànlélógójì ló ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Aago kan ti kọjá.

"Ẹ ti rí i?" Ràsákì rẹ ohùn sílẹ̀. "Cecilia. Andrew awakọ̀ wa ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí."

"Òkú kì í tẹ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wò ó."

Àkójọ náà kì í tọ́jú ju ogún ìwákiri tó gbẹ̀yìn lọ. Ogún náà ló wà lójú kọ̀ǹpútà yìí. Orúkọ Cecilia ló wà lórí gbogbo wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni wọ́n ṣe gbogbo wọn.

"Jímọ́ọ̀ mẹ́ta," Zipporah wí. "Láàárín aago kan sí méjì. Ẹ wo ohun tó ń wá. Ojú. Arúgbó. Agbègbè: Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Èsì: òfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé ìsàlẹ̀. Ó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù, kò pààrọ̀ agbègbè. Òfo, òfo, òfo."

Ràsákì fọwọ́ pa apá rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. "Wákàtí tiẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ti lọ kírun, tí àwọn yòókù lọ jẹun, òun nìkan ló máa ń kù síbí."

Fáànù ń yí lókè. Òórùn ìpara tí Cecilia fi ń ra orúnkún ṣì wà lára tìmùtìmù àga náà. Zipporah gbóòórùn rẹ̀, ó sì tún kọjú sí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ènìyàn lè fi fóònù wọ ibẹ̀?"

"Rárá. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan ni a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi. Andrew awakọ̀. Bólúwadúró tó ń bójú tó ètò. Tàòfíkàt nọ́ọ̀sì."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé àkójọ yìí ńkọ́?"

"Cecilia lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò bá kúkú kọ ọ́ sára ògiri títì. Ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ máa ń wà ní aago yẹn?"

"Sààfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló ń wo ẹ̀yìn mi."

Zipporah kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé kékeré, ó fa ìlà pa ti Ràsákì. "Ẹ pe nọ́ọ̀sì wá."

Tàòfíkàt wọlé pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn aláìsàn lábẹ́ abíyá. Kò dúró kí wọ́n bi í.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mà. Mo ti wà ní ilé oògùn ẹ̀yìn ọgbà yìí láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Aago mẹ́ta kọjá nígbà tí mo wá dá kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ padà."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀kan wà lórí itan. Ọ̀tún wà lórí tábìlì, ìka ká bí ẹni di nǹkan mú. Kò sí nǹkan níbẹ̀." Ó na àtàǹpàkò tirẹ̀. "Àfi páálí búlúù kékeré kan lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò. Èmi ni mo yọ ọ́ nígbà tí mò ń nu ọwọ́ rẹ̀."

"Ó já ni, àbí wọ́n gé e?"

"Ó ya ni, mà. Ẹnìkan fà á."

Zipporah kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé ọwọ́ Tàòfíkàt. Ní Jímọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti aago méjìlá sí mẹ́ta, àwọn aláìsàn tẹ̀ka níwájú Tàòfíkàt ní Ìyàrà. Ó fa ìlà pa orúkọ tirẹ̀ náà.

Andrew kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú.

"Wọlé."

"Ibí dáa fún mi, Mọ́mì."

"Cecilia kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ọ."

"Torí epo mọ́tò. Ó ní mò ń mu ún. Mọ́mì, ẹ wò mí dáadáa, mo jọ ẹni tó ń mu epo?"

Zipporah kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n rí ọ pẹ̀lú fáìlì búlúù lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìwé mọ́tò ló wà ńbẹ̀." Ó na fáìlì náà sí i. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pé.

"Ó lè jẹ́ méjì lo ní. Ní aago kan ọjọ́ Jímọ́ọ̀, níbo lo máa ń wà?"

"Inú mọ́tò. Mo máa ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń rí mi." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, Mọ́mì. Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Mo gba abẹ́ fèrèsé kọjá, mo sì gbọ́ tí àga yẹn ń dún."

Zipporah sún ara díẹ̀. Àga náà dún. Andrew ti bọ́ sí ìta.

Yàrá Bólúwadúró ló tẹ̀lé ti Cecilia. Gbogbo nǹkan orí tábìlì rẹ̀ ló wà létòlétò. Kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri: OKUN, YORÙBÁ NI WÁ. Ẹ DÁ WA PADÀ SÍ GÚÚSÙ.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Mo ṣe ọlọ́pàá ní Kàdúná fún ọdún mọ́kànlá," Zipporah wí, ojú rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà. "Ará Gúúsù ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n gbé mi lọ Ìbàdàn, wọ́n ní ará Àríwá ni mí."

"Ohun tí à ń jà fún nìyẹn, mà! Òyìnbó ló pín wa sódì. Èmi ò ní fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ará Àríwá ni mí. Láéláé."

"Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ní aago kan?"

"Mo máa ń lọ jẹun nílé, mà. Èmi nìkan ni mò ń gbé."

Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí fún un. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí fún Andrew náà.

Aago méjì àbọ̀ lù. Zipporah padà sórí àga Cecilia. Ó fi rúlà fa ìlà sórí bébà méjì: orúkọ, iṣẹ́, ìpínlẹ̀, agbègbè. Ó kọ agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè sísàlẹ̀, àpótí kékeré kan síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọkùnrin méjèèjì.

"Fún ìwé mi ni. Ẹ kọ ọ́ kíá."

Andrew gbé bébà tirẹ̀ lé ara ògiri ẹnu ọ̀nà, ó kọ ọ́ láìronú, ó dá a padà. Bólúwadúró tẹ bíírò mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà.

Zipporah wo èkínní. Àárín-Àríwá. Ó wo èkejì.

"Bólúwadúró, lọ gbé fáìlì náà wá."

"Fáìlì wo, mà?"

"Èyí tí o fà yọ lọ́wọ́ Cecilia."

Ràsákì sún mọ́ wọn. Tàòfíkàt ti wà lẹ́yìn Andrew lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tó jí fáìlì rí lẹ́tà, kò rí orúkọ àjọ," Zipporah wí. "Ó ní láti wá a fúnra rẹ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí ọ́fíìsì bá ṣófo, ó ń jókòó síbí, ó ń fi orúkọ òkú wọlé. Ìwákiri rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ti ti àwọn ìwákiri Cecilia fúnra rẹ̀ dànù kúrò nínú àkójọ. Ṣùgbọ́n Cecilia ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja fún ọgbọ̀n ọdún. Ó mọ̀ pé Àárín-Àríwá ni ìwé kọ Kogí sí, yálà ó dùn mọ́ wa tàbí kò dùn. Andrew mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn lo fàmì sí lórí bébà yìí; ọwọ́ rẹ ló kọ̀ ọ́. Ìgbà ogún lo wá, ìgbà ogún lo kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Ojú. Arúgbó. Ó pààrọ̀ agbègbè, ó tẹ̀ ẹ́.

Àjọ méjì jáde. Ọ̀kan ti dáwọ́ gbígba lẹ́tà dúró láti ọdún tó kọjá. Èkejì ṣì ń gbà á, títí di aago mẹ́rin òní.

Bólúwadúró wò ó títí. "Ó wà ńbẹ̀," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí. Sọ̀rọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ, mà. Èmi ni mò ń kọ gbogbo ìròyìn wọn. Orúkọ mi ò sí lórí ẹyọ kan. Mo dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀ nígbà òjò tó kọjá, mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà yẹn. Lọ́jọ́ náà, mo kọ́kọ́ wá bẹ̀ ẹ́ ni, kó fi orúkọ mi kún un. Ó fẹ̀yìn ti àga. Mo pè é, kò dáhùn. Mo ní oorun ni. Mo fa fáìlì. Kò tú u sílẹ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo tún fà á."

"Ṣé ó ń mí?"

Fáànù ń yí.

"Mi ò wò ó, mà."

"Aago mélòó?"

"Kan kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Mo wà nínú ọgbà yìí!" Tàòfíkàt ti ya wọlé. "Bólú, ogún ìṣísẹ̀ péré! O ò lè pè mí? Ẹnu lo máa fi pè mí, kì í ṣe owó!"

Kò gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì, gbogbo Jímọ́ọ̀ tí mo jókòó síbẹ̀ ni mò ń gbọ́ tí ẹnìkan ń mí lẹ́yìn mi. Bí mo bá yíjú, kò sẹ́nìkan."

"Fáìlì," Zipporah wí.

Inú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ ló ti gbé e wá. Igun kan ti ya. Lẹ́tà náà pé pérépéré, ọ̀rọ̀ Cecilia ṣe ṣókí, kò sí èyí tó ṣòfò. Zipporah kọ orúkọ àjọ náà sí àlàfo rẹ̀. Ràsákì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alága. Tàòfíkàt fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Íńtánẹ́ẹ̀tì já lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró. Ó padà. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́tà náà lọ, èsì sì wọlé pé wọ́n ti rí i gbà.

Tàòfíkàt ti ń pe Ìyàrà. "Ẹ má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹyọ kan pàápàá."

Zipporah pa kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó fi ìwé kékeré rẹ̀ sínú báàgì.

"Sájẹ́ǹtì," Ràsákì wí, "ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́."

"Ẹ jókòó sọ ọ́, Alájì. Àgọ́ ọlọ́pàá ni òun ń lọ." Ó kọjú sí Bólúwadúró. "Ṣíwájú."

Ó ṣíwájú. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró lójijì. Ó fà sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹrí ba díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe fún àgbà tó fẹ́ kọjá.

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.

Zipporah la ẹnu láti lé e síwájú, ó sì pa á dé. Òun náà dúró, ìwọ̀n ìgbà tí ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀lé e jáde.