Oògùn Tí Màmá Luo Tọ́jú De Ìgbà Òjò

"Shuilian, ó yá, ya ẹnu."

Qiu, ọmọbìnrin tí abúlé rán lọ kọ́ ìṣègùn ráńpẹ́, tí wọ́n ń pè ní dókítà aláìníbàtà, ló ń bá ọmọ ọdún márùn-ún náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Luo, ìyá bàbá ọmọ, na ọwọ́ láti gba hóró oògùn tó wà lọ́wọ́ Qiu.

"Mú un wá, dókítà aláìníbàtà. Jẹ́ kó jẹ àgbàdo rẹ̀ tán. Màá fún un."

"Ìyá àgbà, ẹ rí i pé ó gbé e mì lónìí o."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ? Mẹ́fà ni mo bí!"

Qiu rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè pé mélòó ló kù nínú mẹ́fà. Ẹnì kan ni.

Màmá Luo ju hóró náà sínú ìgò, sáàárín àwọn ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá. Ìgbà òjò ni àìsàn ọkàn máa ń pa ọmọdé ní orí òkè wọn. Wọ́n a máa so ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sókè ààrò di ọjọ́ ọdún. Kí ló dé tí òun ò ní tọ́jú oògùn di ọjọ́ àìsàn?

Chunfang, ìyá ọmọ, béèrè lẹ́ẹ̀kan: "Ìyá mi, ṣé Shuilian ń lo oògùn rẹ̀?"

"Ara ọmọ rẹ le koko. Kí lo fẹ́ kó wò sàn?"

Chunfang padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ta ní í bá ìyá ọkọ jiyàn?

Nígbà tó di oṣù kẹfà, òjò dé. Ọ̀fìnkìn mú gbogbo ọmọ àdúgbò. Àwọn yòókù ń sín, wọ́n sì ń ṣeré. Ní ọjọ́ kẹrin, Shuilian ò lè dìde mọ́. Ó ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì.

Màmá Luo da ìgò sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró mọ́kànlélógún. Qiu já wọlé, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣe é! Májèlé nìyẹn tó bá pọ̀ báyìí!"

"Ṣebí ìwọ lo kó o fún wa?"

"Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ ni mo wí." Ojú Qiu wá yí padà. "Ìyá àgbà, ṣé kò jẹ ìkankan rí ni?"

Màmá Luo da àwọn hóró náà padà sínú ìgò. Chunfang wò ó, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni ilé ìwòsàn.

Qiu àti Màmá Luo tẹ̀ lé e, lójú ọ̀nà ni Qiu ti ṣàlàyé.

"Tí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ara, ara á dáná lé e. Iná yẹn a máa ta sí ọkàn fúnra rẹ̀. Ara ní ẹ̀ṣọ́ tó ń pa iná náà, ṣùgbọ́n ohun kékeré kan tó ń ti inú ilẹ̀ wọ oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tiwa ò ní in. Òun ló wà nínú hóró yẹn. Ó sì máa ń pẹ́ kó tó kún ara."

"Tí mo bá fún un ní ẹyọ kan báyìí ńkọ́? Ẹyọ kan péré?"

"Ìyá àgbà, ẹyọ kan ò lè kún ara lónìí."

Chunfang ló kọ́kọ́ dúró.

"Mi ò gbọ́ mímí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn mi."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ gbọ́. Oògùn tí wọ́n bá ní kí ọmọ máa lò nígbà tí ara rẹ̀ le, ọjọ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fún un. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ de àìsàn, ẹ má sì kó o pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi oúnjẹ kan ṣoṣo tọ́mọ. Ẹ wá ẹyin, ẹ wá ẹja, ẹ wá ẹ̀wà mọ́ ọn. Bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá bá ń mí lókèlókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni. Ohun tí kò bá sì yé yín, ẹ bi ẹni tó mú oògùn wá kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Luo ò béèrè. Títí ó fi kú, Chunfang ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.